Rọ́bà Ẹnu Sílíńdà

Ọjọ́ keje tí Aisha bímọ ni, ọ̀la ni wọn ì bá sọ ọmọ náà lórúkọ. Tàwàkálítù, ìyá Aisha, ti wà ní Ìkàrẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè é pé ọmọ ti dé. Ó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní Ìwárọ̀ Ọ̀kà, ó fi ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́ta síkàáwọ́ aládùúgbò, ó ní òun ń lọ wẹ ọmọ-ọmọ òun. Iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń rán ẹlòmíì. Omi gbígbóná láàárọ̀, omi gbígbóná nírọ̀lẹ́, ká fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn ọlọ́mọ, ká na ìkókó lápá, ká nà án lẹ́sẹ̀, ká se ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ máa jáde létí. Iná ni gbogbo rẹ̀ ń fẹ́. Iná yìí gan-an ló sì ti di ìjà láàárín òun àti Kamaldeen, ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Kamaldeen, gáàsì yín tún ń rùn," ló sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ẹní ìkírun rẹ̀ ni. "Mo lajú, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi."

Gáàsì tó ń wí yìí ni sílíńdà kékeré tí kò ní họ́ọ̀sì, tí èèyàn kàn máa lọ́ iná mọ́ lẹ́nu, tí yóò sì gbé ìkòkò lé e lórí. Ilé tí kò ní irú rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ò pọ̀ mọ́. Kẹrosíìnì ti di ohun tí olówó ń rà, iná mọ̀nàmọ́ná ò sì ṣeé fi ọkàn tán.

Kamaldeen ń de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé ìwé aládàáni kan, tí wọn kì í gbà kó pẹ́ dé. "Màámi, ẹ jẹ́ ká sọmọ lórúkọ tán. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá gbé e lọ fún Akíndèjì kó wò ó."

"Mọ́ńdè. Ohun tó ń rùn lónìí, Mọ́ńdè lo fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀?"

"Kí ni kí n wá ṣe? Ẹ̀yin náà ń rí eré tí mò ń sá."

"Jẹ́ kí n dáná igi lẹ́yìnkùlé. Òkúta mẹ́ta péré ni màá fi ṣe ààrò. Inú èéfín ni mo ti bí ìyàwó rẹ, kò pa á."

"Alájì ní èéfín ò gbọdọ̀ kan ògiri òun. Ojú yín ló ṣe sọ ọ́."

Lóòótọ́, ojú rẹ̀ ló ṣe. Alájì Abdulrazaq, onílé wọn, kun ilé rẹ̀ ní ọ̀dà funfun lẹ́yìn Iléyá. Lọ́jọ́ kejì tí Aisha bímọ, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí wọn, ó fún ọmọ lówó, ó gbàdúrà gígùn, ó wá fi kún àdúrà náà pé ẹni tó bá dáná igi nínú ọgbà òun, kó máa wá ilé míì. Àmín ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n sì ṣe àmín sí èyí náà.

Aisha rẹ́rìn-ín láti orí bẹ́ẹ̀dì, ọmú rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ. "Màámi, ẹ fi baba ọmọ sílẹ̀ kó máa lọ. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n lé ọmọ yìí jáde nílé kó tó lórúkọ?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ìjà sì parí bẹ́ẹ̀. Kamaldeen kí ìyá ìyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó jáde. Láti ilé ìwé, yóò kọjá lọ sí Arigidi lọ wo àgbò tí wọ́n ní ó sanra dáadáa.

Ṣùgbọ́n Tàwàkálítù kì í ṣe ẹni tí í jókòó ti ọ̀ràn. Ó ká òṣùká, ó gbé sílíńdà náà rù, ó forí lé ọ̀dọ̀ Akíndèjì tó ń ta gáàsì lẹ́bàá ọ̀nà.

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Akíndèjì lọ́ iná kúrò lẹ́nu sílíńdà, ó fi ìka wá nǹkan kan kiri nínú ihò rẹ̀, ó yọ ọ́, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Rọ́bà roboto kan ni, kò ju ojú ẹja lọ. Ó ti gbẹ, ó sì ti là.

"Màmá, ẹ wò ó. Òun ló ń dí àárín iná àti sílíńdà. Bó bá ti là báyìí, gáàsì á máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde."

"Nǹkan bíńtín yìí?"

"Nǹkan bíńtín yìí ni o."

"Fi tuntun síbẹ̀ fún mi."

Akíndèjì fa agolo mílíìkì kan jáde. Àwọn rọ́bà dúdú ló kún inú rẹ̀, wọn ò sì tóbi dọ́gba. "Màá sọ òótọ́ fún yín, ojúlówó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Ó di Ọ̀wọ̀ tàbí Àkúrẹ́ ká tó rí i, bí mo bá sì gbé e wá, àwọn èèyàn máa ní ó ti wọ́n jù. Tíúbù táyà la gé èyí. Gbogbo Ìkàrẹ́ ló ń lò ó."

"Ṣé ó dáa?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

Ẹ bá mi wò ó. Obìnrin bi í bóyá ó dáa, ó ní ó ń ṣiṣẹ́. Báyìí la ṣe ń ta nǹkan fún ara wa. Táyà tó ti gbé ẹ̀gẹ́ dé Kano, tó ti bẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí fọkanáísà ti lẹ̀ títí tó sú u, inú rẹ̀ la gé sẹ́nu iná tí ìyá àti ọmọ ń sùn tì. Gáàsì sì ń jẹ rọ́bà bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ àjà, kò ní pariwo. Ẹni tó gé e mọ̀. Ẹni tó tà á mọ̀. Ẹni tó ń rà á náà mọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ gbogbo wa.

Akíndèjì fi rọ́bà náà sí i, ó lọ́ iná padà. Ó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, lójú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ń pariwo lé e lórí. Ó kàn kìlọ̀ fún un ni.

"Màmá, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá délé, ẹ má tíì ṣáná sí i. Ìta ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi ìfófòó rẹ̀ pa ọrùn rẹ̀ yíká, kí ẹ wá ṣí gáàsì díẹ̀. Bí ìfófòó náà bá ń hó pútúpútú, ó ṣì ń jò nìyẹn. Ẹ tì í, kí ẹ gbé e padà wá fún mi. Ẹ má gbé e wọlé."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi," Tàwàkálítù wí. Ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Ó ṣe gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ó gbé sílíńdà sí ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó po ọṣẹ, ó fi pa ọrùn rẹ̀, ó ṣí i. Ìfófòó náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹyọ kan wú ní apá ọ̀tún, ó bẹ́, òmíì wú. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó hó pútúpútú, bí Akíndèjì ṣe wí gẹ́lẹ́.

"Màámi," Aisha pè láti inú yàrá, "ṣé omi ti gbóná? Wàrà ti dì sí mi lọ́yàn, ó ń ta mí."

Ọmọ náà ń ké. Òjò ti ṣú sórí òkè, atẹ́gùn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ aṣọ orí okùn. Ọrùn Tàwàkálítù ṣì ń ro ó láti ibi ẹrù tó gbé lọ tó gbé bọ̀, ó sì wo ọ̀nà Akíndèjì lọ́kàn rẹ̀, ó gùn. Ọṣẹ dúdú tó gbé wá láti Ọ̀kà fún ìwẹ̀ ọmọ wà nítòsí. Ó bù ú, ó pò ó kó le, ó mọ ọ́n yí ọrùn sílíńdà náà ká, ó tún fi àkísà dè é lé e. Ó tẹ́tí sí i. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbóòórùn rẹ̀, ọṣẹ nìkan ló ń rùn. Ohun tí wọ́n ní kó fi yẹ àrùn wò ló sọ di oògùn rẹ̀.

Fadékẹ́ tó ń ṣe irun, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, yọjú. "Ìyá Aisha, kí lẹ ń dì bí ẹni di egbò?"

"Mò ń tún gáàsì ṣe ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, Fadékẹ́ padà sídìí irun tó ń dì.

Tàwàkálítù gbé sílíńdà wọlé. Aisha gbé ojú sókè. "Ṣé ó ti dáa, Màámi?"

"Ó ti dáa."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Kamaldeen pè láti ilé ìwé, tó béèrè bí gáàsì náà ṣe ń ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún un. "Ó ti dáa. Máa lọ wo àgbò rẹ."

Ó ṣáná sí i, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Èyí gan-an ló tàn wá jẹ. Omi gbóná, ó fi aṣọ tẹ ọyàn ọmọ rẹ̀ títí wàrà fi ń ṣàn, Aisha ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wẹ ọmọ, ó fi òrí pa á lára, ó fi pọ́ńdà sí i lọ́rùn, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Òjò dé, òtútù rẹ̀ sì wọlé. Tàwàkálítù ti fèrèsé méjèèjì, ó ká ìró àtijọ́ kan, ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ìkókó. Ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ìyá tiẹ̀ ṣe tọ́jú òun náà nìyẹn nígbà tó bí Aisha. Ó ti ọwọ́ tí ń bẹ lára iná, iná náà kú, ṣùgbọ́n kò ti ẹnu sílíńdà fúnra rẹ̀, nítorí Aisha ní òun máa gbé ọbẹ̀ kaná tóun bá jí.

Ooru iná ti yọ́ ọṣẹ náà.

Nígbà tí òjò dá, ìyá àti ọmọ ti sùn. Tàwàkálítù rọra jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó tún ti ìró náà sábẹ́ rẹ̀ láti ìta. Ó kó aṣọ ìdọ̀tí ọmọ lọ sídìí kànga. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń kọrin sínú. Aṣọ kẹrin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Aisha jí, tó ṣáná láti gbé ọbẹ̀ kaná, tí nǹkan bú gbàù nínú ilé, tí gíláàsì fèrèsé sì fò jáde sórí koríko.

Kò mọ bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó rí ni Aisha tó ń bọ̀ láti inú iná. Ó ti tẹ̀ ba, ó ká gbogbo ara rẹ̀ yí ìdì kan tó gbá mọ́ra, ẹ̀yìn rẹ̀ ń jó, orí rẹ̀ ń jó. Fadékẹ́ ló wà lọ́nà. Aisha na ìdì náà sí i.

"Gbà á," ló wí, ó sì ṣubú.

Ọmọ náà ń ké nínú ìdì. Iná ò kàn án níbì kankan.

Àwọn ọkùnrin da iyẹ̀pẹ̀ sí iná. Ilé kún. Ẹnìkan ní kí wọ́n lọ wá ẹyin wá, ẹnìkan ní epo pupa ni. Fadékẹ́ ti gbé ọmọ fún ìyá kan, ó ń fa omi kànga, ó ń dà á sára Aisha. Ó ní ẹni tó bá fi epo kan obìnrin náà, òun àti onítọ̀hún ni. Obìnrin kan ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pé kì í ṣe ojú lásán, pé ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, ẹ ò rí i pé àwọn ayé ni. Ọkùnrin kan ní, "Ayé kọ́, Akíndèjì ni. Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé sílíńdà yẹn ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé. Mo rí Màmá tó gbé e kọjá." Gbogbo wọn wo Tàwàkálítù, ojú àánú ni wọ́n fi wò ó. Ó na ọwọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ obìnrin tó gbé e dání. Wọ́n gbé Aisha sínú kẹ̀kẹ́ márúwá.

Nílé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì ò jókòó. Wọ́n gé aṣọ kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi omi sí i lápá, wọ́n fi báńdéèjì wé e láti ọrùn dé ìbàdí. Dókítà ní bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ díẹ̀, àwọn máa gbé e lọ sílé ìwòsàn tó tóbi ju èyí lọ. Kò sọ pé yóò yè. Kamaldeen dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ Arigidi lẹ́sẹ̀, ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò mọ ibi tóun lè fọwọ́ kàn lára ìyàwó òun.

Aisha gbọ́ igbe ọmọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ebi ń pa á," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Màámi, ẹ gbé e wá kó mu."

Nọ́ọ̀sì mi orí. Tàwàkálítù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ló ti rí i tí wàrà ń rin báńdéèjì àyà ọmọ rẹ̀, nítorí ara ìyá kò mọ̀ pé ó ti jóná, igbe ọmọ ló gbọ́. Ìyẹn ló kọjá agbára rẹ̀. Ó fara ti ògiri, ó sunkún.

Aisha kú kété lẹ́yìn tí wọ́n pe ìrun Àsárì.

Tàwàkálítù àti Kamaldeen jókòó sórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ wà lórí itan ìyá-ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ti fún un ní mílíìkì díẹ̀, ó ti dákẹ́.

"Màámi, ẹ ṣeun," Kamaldeen wí. "Ẹ̀yin lẹ kúkú gbìyànjú, ẹ gbé e rù lọ tún ṣe. Èmi ni mo ní ó di Mọ́ńdè. Èmi ni mo pa á."

Tàwàkálítù fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ. Ó mọ̀ pé kò tọ́ kó dákẹ́, síbẹ̀ ó dákẹ́.

Raheem, àbúrò Kamaldeen, ló sáré wọlé, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bọ̀dá, wọ́n ti mú Akíndèjì. Àwọn ọlọ́kadà ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ti dè é mọ́ òpó. Wọ́n ti gbé táyà àti pẹtiróòlù wá. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń dúró dè."

Kamaldeen dìde. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú tíṣà mọ́. Ó ti gbé ìgbésẹ̀ méjì kí Tàwàkálítù tó lè fọhùn.

"Kamaldeen, má lọ." Ó dúró. "Akíndèjì sọ fún mi. Ó ní tí ọṣẹ bá ń hó, kí n má gbé e wọlé, kí n dá a padà. Ó hó. Mo rí i tó ń hó. Ọṣẹ dúdú ni mo fi dí i, mo sì gbé e wọlé."

Raheem wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lọ́nà yà sí yàrá míì.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, Akíndèjì jẹ̀bi. Agolo mílíìkì rẹ̀ kún fún ikú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, kì í sì í ṣe òun nìkan ló bí ti ọjọ́ náà.

"Sáré lọ," Kamaldeen sọ fún Raheem. "Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, pè mí lórí fóònù, màá bá wọn sọ ọ́."

Raheem lọ. Kamaldeen kọ ẹ̀yìn sí ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé Aisha mọ̀ pé ọṣẹ lẹ fi dí i?"

"Ó bi mí bóyá ó ti dáa."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní ó ti dáa."

Kamaldeen ò bú u. Ì bá tẹ́ Tàwàkálítù lọ́rùn kó bú u. Kamaldeen yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba ọmọ náà kúrò lórí itan rẹ̀, ó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún, lórí àga tirẹ̀.

Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kamaldeen ò tíì gbé ìkókó rí láyé rẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Abẹ́ apá ló ti gbá a mú, ó ń mì ín, orí ọmọ náà sì ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tàwàkálítù jókòó, ó ń wò ó. Kò lẹ́nu mọ́ láti sọ pé kó fọwọ́ ti orí ọmọ náà.